Ata Tó Pọ́n

Màámi,

Nǹkan méjì ló bàjẹ́ níbí. Ẹrù tí a lẹ bébà pupa mọ́ pé kò gbọdọ̀ jáde, èmi ni mo ní kí wọ́n kó o jáde. Wọ́n sì ti gba ipò alábòójútó lọ́wọ́ mi. Dókítà ojú ní láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi, ojú mi kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, àti pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún ẹ̀. Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin àti bùọ̀dá yín mọ̀.

Tí ẹ bá ní, "Lọ já ata tó pọ́n wá," mo máa ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo rò pé kí nǹkan rọ̀ là ń pè ní kó pọ́n. Ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín pé, "Bíi bùọ̀dá mi gẹ́lẹ́, afọwọ́ríran."

Mi ò bínú. Yàrá tí mo ti ń di páálí báyìí tutù, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, páálí kì í sì í já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ iná lọ́jọ́ Ẹtì. A kì í fọwọ́ tẹ wáyà wò. Ẹ mú un lọ yẹ ojú ẹ̀ wò kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan ṣáájú.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ pè mí bẹ́ ẹ bá ti kúrò lọ́dọ̀ dókítà ojú. Ìgbà yòówù kó jẹ́, kò sẹ́ni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.