Ìkòkò Sátidé ní Àgbàlá Wa

Jọ́ọ̀sì,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Fẹ́búárì, 1933.

Keziah ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí ọkọ̀ ojú irin gbé ọ padà sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ ní Ìbàdàn. Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun dáadáa, ṣé ẹkún ti ń dín kù? Ara tèmi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òtútù ọyẹ́ kò tíì fi wá sílẹ̀. Kóòtù iṣẹ́ bàbá rẹ ni mò ń wọ̀ láàárọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kan ti já, n kò sì fẹ́ rán an, nítorí bó ṣe wà nígbà tó bọ́ ọ sílẹ̀ kẹ́yìn kó tó kú nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí o lọ, o bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ìyá, ìlú tí Bàbá máa ń sọ yẹn, tí kò ní sí ìjà, tí ebi ò ní pa ẹnikẹ́ni, ṣé ó lè wà lóòótọ́?” Ẹkún ò jẹ́ kí n fèsì. Lónìí mo fẹ́ dá ọ lóhùn.

Ìwọ náà mọ bí bàbá rẹ ṣe rí. Akọ̀wé reluwé ni, ṣùgbọ́n bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, tó bọ́ bàtà, ọ̀rọ̀ ìlú pípé ni. Ó ní bí ilé mẹ́ta péré bá lè gbé láìsí ìjà, odindi ìlú náà á lè ṣe é. Òun ló dá ìkòkò Sátidé sílẹ̀: lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ní àgbàlá wa kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè nílé tirẹ̀. Ìkòkò tiwa á lọ sílé Fadékẹ́ ìyàwó Adégbìtẹ́, ti Fadékẹ́ á lọ sọ́dọ̀ Ìyá Harold, ti Ìyá Harold á wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ó ṣòro láti bínú sí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú ikùn ẹni. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, “Bàbá Keziah, ṣé Jọ́ọ̀sì lẹ fẹ́ kọ́ ọ̀run sí ni?” Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Rárá o, Lucy. Ọbẹ̀ rẹ ni mo fẹ́ kí gbogbo ayé tọ́ wò.”

Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí o lọ dé. Ìyá Harold, tó jẹ́ àgbà wa, ti kìlọ̀ fún mi pé opó tí kò tíì pé ogójì ọjọ́ kò gbọdọ̀ dáná, mo sì gbọ́ràn. Oúnjẹ tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi ní gbígbóná, mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tó rántí pé ilé kan wà tó ń wo ọwọ́ mi. Fadékẹ́ ti gbé gbogbo ohun tó sè fún Ìyá Harold gẹ́gẹ́ bí òfin, ó wá jókòó, ó ń retí. Ta ló máa lọ bá opó nínú ọ̀fọ̀ pé ìkòkò rẹ kò dé?

Nígbà tó di Sátidé kejì, Fadékẹ́ kò gbé oúnjẹ jáde mọ́. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ Ìyá Harold lágbàlá: “Fadékẹ́! Oúnjẹ mi dà?”

“Inú àwọn ọmọ mi ló wà, Màmá. Ẹ wá gbà á níbẹ̀.”

“Hábà! Erùpẹ̀ ojú oórì ọkùnrin náà ò tíì gbẹ, o ti ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́!”

“Iṣẹ́ wo, Màmá? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, gààrí làwọn ọmọ mi mu sùn. Èyí tó kéré jù ń fi Hausa ké yunwa, yunwa, ebi ń pa á, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé. Bàbá Keziah ti lọ. Kí ìkòkò rẹ̀ náà máa lọ!”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọjọ́ tí wọ́n bo erùpẹ̀ mọ́ bàbá rẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ nílùú yìí ló fẹ́ tú ká lójú mi.

Ní Sátidé ìjẹta, mo dìde, mo dáná. Ìyá Harold sáré dé: “Lucy! Ìwọ opó! Kí lò ń ṣe nídìí ààrò?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mò ń ṣọ̀fọ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ Fadékẹ́.”

Ó pòṣé, ó ní, “Iná yẹn ti pọ̀ jù,” ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ igi kan kúrò níbẹ̀.

Àsáró ni mo sè. Mo gbé e fún Fadékẹ́ fúnra mi. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi pariwo láti inú ilé pé, “Ìyá Keziah, iyọ̀ yìí mà pọ̀ o! Ṣé òkun lẹ sè ni?” Ìyá Harold rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tó yá, ìkòkò Fadékẹ́ jáde, ó gba ọ̀dọ̀ Ìyá Harold lọ.

Nítorí náà, Keziah, n kò rò pé ìlú pípé lè wà. Ilé mẹ́ta péré ni wá, a sì gbàgbé ara wa, níbi tí a ti ń ṣoore. Bàbá rẹ rò pé òfin tó dára á máa ṣọ́ ara rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ n kò ní sọ pé ó ṣìnà, nítorí mo ti ro ìbínú Fadékẹ́ wò dáadáa. Ká ní kò gba ọ̀rọ̀ bàbá rẹ gbọ́ ni, kì bá tí jókòó máa retí oúnjẹ.

Kí Ọlọ́run, ẹni tó gba bàbá rẹ sọ́dọ̀, máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Kí ìwé wọ̀ ọ́ lórí, kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé fẹ́ràn rẹ, kí ayọ̀ tètè padà sí ọ lójú.

Èmi ni ìyá rẹ tí ó fẹ́ràn rẹ púpọ̀,
Lucy Bámgbóṣé.

Àfikún: Fadékẹ́ àti Ìyá Harold ń kí ọ. Ẹ̀wà ni mo fẹ́ sè ní Sátidé tó ń bọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà ní àgbàlá yìí, n óò máa gbé ìkòkò tiwa jáde.