“Ó Ń Ṣe Mí Bákan”: Ìtàn Ìgbésí Ayé Ìyá Wa, Olóògbé Jemimah Oyèníkẹ́ Afọlábí

Ẹ̀yin ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará ìjọ, ẹ kú ìdúrótì. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ìtàn ẹni tó kọ́ púpọ̀ nínú yín ní kíkí la fẹ́ sọ.

Ọdún 1951 ni a bí Màmá ní Ìwó, sínú ìdílé Olóògbé Àlàní, àgbẹ̀ tó ń dáko lọ́nà Kuta, àti Àdùkẹ́ ìyàwó rẹ̀. Màmá ka ìwé mẹ́fà nílé-ìwé Onítẹ̀bọmi. Ní 1974, bàbá wa, Olóògbé Afọlábí, olùkọ́ ọmọ Ilé-Ogbó, gbé wọn níyàwó. Aṣọ ni Màmá ń tà lọ́jà. Halimah, aládùúgbò ìsọ̀ wọn, a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá Yéwándé, ẹ ó kí oníbàárà títí aṣọ á fi ṣá!”

Òótọ́ ni. Ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń dirun, ẹni tí òjò pa, kò sí ipò téèyàn lè wà tí Màmá kò mọ bí a ṣe ń kí i. Àwọn ni ìjọ máa ń rán ìyàwó tuntun sí láti kọ́ bí a ṣe ń kíni. “Ẹni bá kí ọ, ọpẹ́ ni kó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ,” ni ẹ̀kọ́ wọn. “Ìyókù á tẹ̀ lé e.”

Ní 2021, ìjàǹbá ọkọ̀ pa Adérẹ̀mí, àbíkẹ́yìn wọn. Bí àṣà wa ti rí, a kò jẹ́ kí Màmá mọ ibi tí a sin ín sí. Ilé kún fọ́fọ́. “Ẹ kú àmúmọ́ra o, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ẹ rí irú ẹ̀ mọ́.” “Àmín, a dúpẹ́,” ni Màmá ń wí. Àwọn èèyàn kí wọn tán, wọ́n lọ. Ìyókù tó yẹ kó tẹ̀ lé ọpẹ́ kò rọ́nà jáde.

Nígbà tó ṣe, Màmá ní, “Yéwándé, ó ń ṣe mí bákan.”

“Bákan báwo, Mà?”

Màmá wá ọ̀rọ̀ títí. Kì í ṣe ẹkún. Ẹkún ti tán. Kì í ṣe ebi, kì í ṣe òtútù. “Bákan ṣáá ni.”

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì bi wọ́n léèrè ibi tó ń dùn wọ́n. Màmá fọwọ́ kan àyà, wọ́n tún gbé e kúrò. “Kò dùn mí níbì kankan, ọmọ mi.” Oògùn ibà ni a fún wọn. Nílé, kálukú ń pàrọwà pé kí wọ́n má ronú mọ́.

“Èmi ò mọ ohun tí mo lè pè é,” ni Màmá fèsì. “Báwo ni mo ṣe fẹ́ rò ó tán?”

Láti ìgbà náà oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ wọlé mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn náà sì ń dín kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì 2025, Kúnmi ọmọ wọn pè láti Èkó: “Màmá, ṣé dáadáa lẹ jí?”

“A dúpẹ́.”

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Màmá fi Yéwándé àti Kúnmi sáyé lọ, pẹ̀lú Adébísí, àbúrò Màmá, àti àwọn ọmọ-ọmọ tí Olúwanífẹ́mi jẹ́ àgbà wọn. Yéwándé, tó jókòó tì wọ́n dópin, ló sọ ìtàn yìí fún àwa ẹbí.

Màmá, ẹ sùn re. Bí wọ́n bá kí yín lọ́hùn-ún, ẹ má tíì dúpẹ́ o. Ẹ kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣe yín.