Ohùn Yín Nínú Géèmù Apààyàn

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfojúsọ́nà ọmọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Abuja níbí. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Bọ́dúnrìn. Mo kí Bọ́dúnrìn fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ó ń bínú sí mi. Mo ní kí ìwé ìròyìn bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi nìkan. Òbí tó bá ń ra géèmù fún ọmọ, kó jókòó gbọ́.

Màmá, ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mi ò tíì ra irú géèmù tí mo rà fún Olúmìdé ọmọ mi ránṣẹ́ sí Bọ́dúnrìn. Ẹ ní àwọn méjèèjì jọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, kí n má fi ọ̀kan ṣe ààyò. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò rà á, mi ò sì ní rà á. Ẹ̀gbin ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kẹ́ ẹ tó sọ pé Abuja ti sọ mí di ahun.

Ẹ mọ̀ pé ìdájí ni mo ń kúrò nílé. Ní Kugbo níbi tí mo ti ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì, ooru kò mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́, eruku pákó á sì di imú èèyàn pa. “Sànnu” ni mo fi ń kí oníbàárà, “yauwa” ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ó máa ń ṣe mí nígbà míì bíi kí n kàn gbọ́ ẹnì kan tó máa pè mí ní Àlàó. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ ki oríkì Olúmìdé sórí fóònù, kí ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá tí kò lè sọ ọ́ dáadáa yìí má bàa sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ sì kì í. Ẹ ki Àkànní, ọmọ a-fọwọ́-ra-pákó-kó-dán, ẹ ki bàbá wa tó kọ́ mi níṣẹ́, títí omi fi bọ́ lójú èmi àti ìyàwó mi.

Ṣé ẹ rántí ohun tí mo wí fún yín nígbà tó yá? Mo ní gbogbo ìgbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ohùn yín ni mo ń gbọ́ láti yàrá Olúmìdé. “Àkànní!” Á dákẹ́ díẹ̀. “Àkànní!” Mo ní ọmọ yìí kò gbàgbé ilé. Mo kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ pé kó má dí i lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà yọ̀, ẹ tún ki òmíràn tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ fi ránṣẹ́. Àṣé a ò mọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò lé wa kúrò ní Kugbo, mo tètè délé. Mo gbọ́ ohùn yín, mo rọra ṣílẹ̀kùn kí n lè lọ jókòó ti ọmọ mi. Géèmù ló ń ṣe. Ọkùnrin kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń bẹ̀bẹ̀. Olúmìdé fi àtàǹpàkò tẹ nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìbọn dún, orí ọkùnrin náà fọ́, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ọmọ mi bá nawọ́ sí fóònù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ bá fọhùn: “Àkànní! Ọmọ a-fọwọ́-ra-pákó-kó-dán!” Apààyàn tí ọmọ mi ń darí yan bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Obìnrin kan tó ru ẹrù ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Olúmìdé fi mọ́tò gbá a, ó yí mọ́tò náà padà, ó tún gorí rẹ̀. Ó tún tẹ ohùn yín.

Háà! Ohùn tí ẹ fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún ni wọ́n sọ di àtẹ́wọ́ fún apààyàn! Mo fa wáyà yọ lára ògiri.

Kí wọ́n má bàa sọ pé ìbínú ló ń sọ̀rọ̀, mo jókòó ti géèmù náà fúnra mi lọ́jọ́ kejì. Àwòrán rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́: ilé, títì, òjò, gbogbo rẹ̀ dà bíi gidi. Ohun tó sì ń rí mi lára jù nìyẹn. Tó o bá dá ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ sí, o ò rí máàkì kankan gbà. Tó o bá fọ́ ọ lórí, wọ́n á máa yìn ọ́. Kí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ, òkú ti pòórá. Òkú tí kò ní ìyá, tí kò ní ọmọ, tí ẹnikẹ́ni kò sunkún rẹ̀! Wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn páálí rẹ̀ pé kì í ṣe fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Ẹni tó tà á fún mi ní ọjà Wuye ní gbogbo ọmọ ló ń ṣe é, ni mo bá gbé e.

Alábàágbé wa kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní mo ń sọ eèrà di erin. Ó ní ọmọ mọ̀ pé eré ni, ó ní ṣé àwa náà kò fi igi ṣe ìbọn nígbà èwe wa ni. A fi ṣe o! Ṣùgbọ́n ẹni tí mo bá yìnbọn igi fún lábẹ́ máńgòrò yín á dìde, á ní ìbọn ò ba òun, a ó jiyàn títí, ẹ ó sì bu ẹ̀bà fún àwa méjèèjì sínú àwo kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi pé kí n máa gbádùn ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Olúmìdé náà ní ẹnu. Ó da Òyìnbó pọ̀ mọ́ Yorùbá, ó bi mí pé ṣebí jagunjagun ni wọ́n ń ki láyé àtijọ́. Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo ní ẹni tó ti ogun dé là ń kì, kí ara rẹ̀ lè rọ̀, kó rántí pé èèyàn ló bí òun. A kì í ki ẹni tó ń yìnbọn fún ẹni tó kúnlẹ̀. Oríkì tiwa gan-an, níbo ni ogun wà nínú rẹ̀? Ọwọ́ tó ń mú pákó dán ni ẹ ń kì! Mo fi òòlù fọ́ àwo géèmù náà. Géèmù bọ́ọ̀lù nìkan ni mo fi sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀, mo ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ ki oríkì náà fún mi. Màmá, ó kì í látòkè délẹ̀, kò fo ẹyọ kan. Yorùbá rẹ̀ já gaara bíi ti ẹni tí ẹ tọ́ lọ́dọ̀ yín. Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ayọ̀ ti fẹ́ gbé èmi náà, àfìgbà tí mo wo ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ méjèèjì ń tẹ afẹ́fẹ́. Tó bá ti dé “Àkànní”, á tẹ̀ ẹ́. Òun alára kò mọ̀.

Ó ń bọ̀ wá lo họlidé lọ́dọ̀ yín, òun ni yóò sì gbé bọ́ọ̀lù gidi bọ̀ fún Bọ́dúnrìn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi oríkì ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́. Tó bá dọ̀bálẹ̀ kí yín láàárọ̀, ẹ gbé e dìde, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ẹ má tíì fi í sílẹ̀ o. Ẹ máa kì í títí àtàǹpàkò yẹn á fi sinmi lọ́wọ́ yín.

Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹnu tí ẹ fi ń kì wá kò ní gbẹ. Ẹ bá mi kí tilé toko.

Èmi ni ọmọ yín, Àlàó, tó ṣì ń fọwọ́ ra pákó ní Kugbo.