Ewé Gúáfà Ẹ̀yìn Balùwẹ̀ Wa

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àwọn ọ̀gá rẹ ò sì ni ọ́ lára? Ilé dùn, a dúpẹ́. Òrùlé tó ń jò ti gba páànù tuntun, ewúrẹ́ wa bí méjì, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo di bàbá fún ọ láti ìgbà tí jẹjẹrẹ ti mú ìyá wa lọ, ara mi le koko.

Mo rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo rí àwo pẹlẹbẹ tí ẹ ti ń sin kòkòrò àrùn ní yàrá ìwádìí yín bí ẹni ń sin adìyẹ, mo sì rí i bí wọ́n ti kú pátápátá yí omi ewé gúáfà wa ká, tí ibẹ̀ mọ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Mo fọ ọwọ́ mi nígbà tí mo wò ó tán, nítorí n kò mọ bí kòkòrò ti ń rìn nínú fóònù. Mo gbé e lọ fi han télọ̀ àdúgbò wa, ẹni tó máa ń ní mò ń fi owó oko ṣòfò sórí ìwé ọmọbìnrin. Ó ní ṣé ewé tí ewúrẹ́ ń jẹ yìí náà ni. Mo ní òun náà ni, ìdí nìyẹn tí ewúrẹ́ kì í fi í lọ sí ọsibítù. Ó padà sídìí máṣíìnì rẹ̀.

O ní nínú ogún ewé tí ẹ dán wò, tiwa ló ṣe dáadáa jù, pé bí èyí tí mo tún fẹ́ fi ránṣẹ́ bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni ọ̀gá yín yóò mú láti dán wò lára jẹjẹrẹ tí ẹ ń tọ́jú sínú ìgò. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, omi bọ́ lójú mi. Àrùn tó pa ìyá wa, ọmọ rẹ̀ ló wá tì í mọ́ inú ìgò yìí!

Ìdí tí mo fi ń béèrè owó díẹ̀ nìyẹn. O ní kí n má fọ ewé náà, kí n kàn sá a síbi ibòji. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n ṣé ewé eléruku ni n ó gbé fún ọ̀gá rẹ, kí wọ́n ní a kò kọ́ ọ nílé? Inú òògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọsibítù ni mo rẹ ti àkọ́kọ́ sí mọ́jú. Ìgò òògùn náà ti tán. Fi owó ìgò méjì ránṣẹ́, kí ti ọ̀tẹ̀ yìí lè mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Orí ìyá wa á gbè ọ́, ojú kò ní tì ọ́ níwájú àwọn ọ̀gá rẹ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, bàbá rẹ.