Èmi ni mo tú ọ̀já náà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Màmá wa kó wa lọ wo ọgbà ẹranko nílùú ńlá. Wọ́n fi ọ̀já so ọwọ́ mi mọ́ ti àbúrò mi ọkùnrin, kó má baà sọnù. Ni ọmọ kíláàsì mi kan bá rí wa: "Ta ló so yín bí ewúrẹ́?"

Ojú tì mí, mo tú u. Kí n tó yíjú, àbúrò mi ti pòórá. Iwájú ilé ìnàkí la ti rí i, ó ń sunkún.

Màmá bèèrè ẹni tó tú ọ̀já. Mo ní àbúrò mi ni. Wọ́n jágbe mọ́ ọn:

"Alágídí! O ò tún bá mi jáde mọ́!"

Àbúrò mi kàn ń wò mí. Látìgbà náà, kò pè mí ní àǹtí mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, tí mo bá jẹ́wọ́ fún màmá, ṣé àbúrò mi máa tún pè mí bẹ́ẹ̀?