Epo Tí Mo Fún Mọ́síùrá Mu

Abúlé Ìdí-Àràbà, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù Kẹta, 1993.

Sìrájù ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Abidjan? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde, àmín. Àlàáfíà ni a wà. Ewúrẹ́ rẹ bí méjì, ọ̀kan kú. Òjò kò tíì rọ̀.

Mùsílímátù oníṣòwò ọjà Adjamé níbẹ̀ ti fi ìwé rẹ lé wa lọ́wọ́. Inú wa dùn pé kọ́léèjì gbà ọ́ síṣẹ́ nínú yàrá tí ẹ ń pè ní labo, pé ìwọ ni o ń tọ́jú àwọn ìgò olóró. Mo ka gbogbo òfin ibẹ̀ fún ìyá rẹ. O ní omi kan wà lókè ilẹ̀kùn, tí ènìyàn bá fa ẹ̀wọ̀n rẹ̀, yóò dà sí i lára taṣọtaṣọ. Ilé-ìwé yín lọ́lá o, tí wọ́n fi ń wẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ra kànìnkànìn tìrẹ. O ní ẹnikẹ́ni kì í dá wà níbẹ̀. Olè yóò pọ̀ ládùúgbò yẹn. O ní àpótí onígíláàsì kan ń fa èéfín sókè, síbẹ̀ ẹ kò gbọdọ̀ se oúnjẹ nínú rẹ̀: ẹni tó kọ́ irú ààrò bẹ́ẹ̀ fi owó ṣòfò. Èyí tó wù mí jù ni pé ásíìdì ni ẹ ń rọra dà sínú omi, ẹ kì í da omi lé ásíìdì. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kékeré ló ń lọ kí àgbà.

Mo ti rọ epo pupa sínú ìgò fún Mùsílímátù kó gbé e wá fún ọ, kí o máa lá ṣíbí kan kí o tó wọlé síbẹ̀, torí epo ní í pa oró. Ìgbà tí mo wá dé ìsàlẹ̀ ìwé rẹ, mo fo ibì kan. Ìyá rẹ ní kí n ka èyí tí mo fò. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sìrájù, ẹ kà á." Mo kà á: pé ẹni tó bá gbé ásíìdì mì, ẹ má ṣe fún un ní ohun tí yóò mú un bì, torí bó ti jó ọ̀fun nígbà tó ń lọ ni yóò tún jó o nígbà tó bá ń bọ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíá. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dìde, ó lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Láti ọjọ́ náà, yóò gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, yóò sì kọjá lọ.

Ilé kéwú ni o wà lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní Koumassi Remblais, nígbà tí gbogbo wa ṣì wà ní Abidjan, tí mo ń gba iná sí bátìrì mọ́tò, èmi ni mo rọ omi bátìrì sínú ìgò lemonáàdì, tí mo gbé e sábẹ́ bẹ́ńṣì. Àbúrò rẹ Mọ́síùrá rí i, ó gbé e mu. Alice ará ilé wa ti dá takisí dúró tí yóò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Mo ní kí takisí máa lọ, pé èmi tí mo ti ṣe olùkọ́ rí mọ ohun tí mo ń ṣe, mo sì ń rọ epo sí ọmọ lẹ́nu títí ó fi bì. Kì í ṣe pé mo gbẹ́kẹ̀ lé epo tó bẹ́ẹ̀, Sìrájù. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé wọn yóò béèrè ẹni tó rọ ásíìdì sínú ìgò ohun mímu.

Ẹ̀kọ mímu nìkan ló ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá títí dòní. Àwọn tó fẹ́ wá tọrọ rẹ̀ ní agbéraga ni, pé kì í jẹ oúnjẹ àwọn. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ fún ènìyàn pé ọpẹ́lọpẹ́ epo bàbá òun ni òun fi wà láàyè. Èmi náà á jókòó níbẹ̀, n ó máa mi orí.

Dókítà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn lè máa fi rọ́bà la ọ̀nà ọ̀fun náà díẹ̀díẹ̀, bí àwọn bá mọ ohun tó gbé mì. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀. Jọ̀wọ́, fi owó ìtọ́jú náà ránṣẹ́, bó ti wù kó mọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, n ó sọ fún Mọ́síùrá, kí n tó lọ sọ fún dókítà. Bó bá gbọ́ tán tí kò fẹ́ kí n bá òun lọ, ìwọ ni kí o wá mú un lọ.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣe ọ́ níbi. Àwọn ọmọ rẹ kò ní jìyà ohun tí ìwọ kò lè sọ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gàfárù Òkéwùmí