Orúkọ Mi Ni Wọ́n Fi Pe Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé Lẹ́jọ́

Sùúrùlérè, Èkó,
Oṣù Kọkànlá, 1972.

Ọláṣẹ́gun, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlọrin níbẹ̀ yẹn. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ikọ́ tó ń yọ ìyàwó rẹ lẹ́nu sì ti lọ. Ara tèmi le, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ, mi ò sì fẹ́ kí o fi falẹ̀: dákun, lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kí o bá mi wá Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé. Jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

O mọ Bàbá dáadáa, káfíńtà wa ní Múṣín, tí wọ́n kan gbogbo bẹ́ǹṣì ilé-ìwé mi, tí wọ́n sì kan bẹ́ẹ̀dì tí o ń sùn sí títí o fi kúrò nílé. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní ká fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, ká máa wa mọ́tò lọ́wọ́ ọ̀tún, ni ọ̀rọ̀ wọn ti ń kọ mí lóminú, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń wa mọ́tò, òsì ló sì mọ́ wọn lára. Ní oṣù kẹfà, wọ́n yọ láti Jíbówú pẹ̀lú mọ́tò tí wọ́n fi ń kó pákó, wọ́n gba ọwọ́ òsì bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ lu mọ́tò ìjàpá mi. Ọlọ́run ló yọ mí. Iwájú mọ́tò náà rún wómúwómú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Bàbá kó àwọn àgbà ìjọ wọn wá bẹ̀ mí. Bàbá fẹ́ dọ̀bálẹ̀, mo sáré dì wọ́n mú. Ẹni tó lè bí mi lọ́mọ! Mo ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo ti fi jì yín. Ọ̀rọ̀ náà ti tán láàárín wa, mi ò ní bi yín léèrè kọ́bọ̀." A gbàdúrà, a mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n sì lọ sílé. Inṣọ́ránsì tiwọn ti kọjá ọjọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní tèmi tó kárí mọ́tò náà látòkè délẹ̀, mo sì gbà pé ìyẹn náà ti tó.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Gertrude ló bá mi ṣe é ní ọ́fíìsì wọn ní Yábàá. Ọmọ dáadáa ni, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé kí n tó fọwọ́ sí ìwé. Ó ní, "Mà, tá a bá ti sanwó yìí fún yín, ẹ̀tọ́ tẹ́ ẹ ní lára ẹni tó gbá yín ti bọ́ sọ́wọ́ wa nìyẹn. Àwa la máa dúró sípò yín, ká lè gba owó wa padà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá di kóòtù, orúkọ yín la máa lò." Mo gbọ́, mo mi orí. Lójú tèmi, ohun tí mo ti fi ji èèyàn níwájú àwọn àgbà kò sí mọ́; kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ gbà nínú rẹ̀? Kò bi mí bóyá mo ti dárí ji ẹnikẹ́ni, èmi náà kò sì rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń sọ ní ọ́fíìsì. Wọ́n tún mọ́tò ṣe, ó ń dán gbinrin, inú mi sì ń dùn bí òmùgọ̀.

Oṣù tó kọjá ni akọ́dà kóòtù gbé ìwé lọ bá Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀: Mabel Àkàngbé ló pe Ọ̀jẹ̀túndé lẹ́jọ́. Àṣàbí, ọmọ wọn obìnrin, ló wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà, kò gbà láti jókòó. Ó ní, "Màmá Ṣẹ́gun, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ti fi jì wá? Ẹ wá gba ẹ̀yìn lọ pe bàbá mi lẹ́jọ́?" Mo ṣàlàyé títí. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, èmi gan-an gbọ́ pé ó jọ irọ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ò ti rọgbọ. Bàbá kò bá mi jà. Ì bá sàn ká ní wọ́n jà. Láàárọ̀ tí mo bá ń lọ ilé-ìwé, màá bá wọn níwájú géètì mi, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, níṣojú gbogbo àdúgbò. Mo kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo sunkún, mo ní kì í ṣe èmi. Wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn aṣọ wọn, wọ́n á máa lọ. Àwọn ará ilé kejì kì í dáhùn mọ́ bí mo bá kí wọn. Nígbà tó yá, Bàbá ò wá mọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Mo sáré lọ bá Gertrude, mo sọ fún un pé mo ti dárí ji Bàbá kí wọ́n tó sanwó fún mi. Ojú ọmọ náà yí padà. Ó ní, "Háà, Mà, ẹ ò bá ti sọ fún wa! Ohun tó yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ wa lẹ ti fi ta á lọ́rẹ yẹn. Tẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, ẹjọ́ yẹn lè dà nù, àmọ́ ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ dá owó padà." Mo ní mo gbà, kí wọ́n gba mọ́tò náà, èmi á máa fẹsẹ̀ rìn. Ó ṣí fáìlì wò. Ó ní ẹjọ́ ti parí. Bàbá ti wá fúnra wọn, wọ́n ti san gbogbo rẹ̀, wọn ò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín in kù. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n bèèrè ni bóyá ó ṣeé ṣe láti yọ orúkọ Ìyá Ṣẹ́gun kúrò nínú ìwé ẹjọ́ náà.

Mo gba Múṣín lọ tààrà. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Wọ́n ti ta mọ́tò, wọ́n ti ta ayùn àti ìfági, títí kan tábìlì tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Àṣàbí ní Bàbá wọ ọkọ̀ ní Jíbówú, wọ́n ní àwọn ń lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ẹbí sì ti ránṣẹ́ láti ibẹ̀ pé àwọn ò rí wọn. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Àgbàlagbà tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, tó gbà pé mo tan òun jẹ. Ṣẹ́gun, ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

Ìlọrin kò jìnnà síbẹ̀. Dé ilé ẹbí wọn, dé ìjọ wọn, bèèrè ní ibùdókọ̀, kí o sì bèèrè ní ọsibítù. Bí o bá rí wọn, sọ fún wọn pé ìyá rẹ kò yí ohùn padà, àti pé màá ta mọ́tò náà kí n fi ra irinṣẹ́ wọn padà.

Àlọ rẹ á dára, àbọ̀ rẹ á sunwọ̀n. Ohun tí à ń wá kò ní sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Olúwa á fi ọmọ rere kún ilé yín, ẹ ò ní rí ogun ẹjọ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà,
Mabel Àkàngbé.

Àfikún: Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí Àṣàbí dé, ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti kọ̀wé sí ọ. Ó jókòó, ó gba omi lọ́wọ́ mi, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù tó kọjá. Ibẹ̀ la wà tí ońṣẹ́ ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì gbé ìwé kan dé. Àṣàbí kò mọ̀wé. Ó ní bóyá wọ́n ti gbúròó Bàbá ni, kí n kà á sókè. Mo kà á. Wọ́n ní wọ́n bá mi yọ̀, mo ti jàre ẹjọ́ tí mo pe Ọ̀jẹ̀túndé. Ó gbé ife omi náà sílẹ̀, ó sì jáde. Ṣẹ́gun, tètè lọ.